Ìdí Tí Lẹ́tà Onílẹ̀kẹ̀ Fi Ń Kọjá Odò ní Ìdì Mẹ́ta

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn lẹ́tà ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn, odò kan wà tí wọ́n ń pè ní Odò Ayélujára. Ní apá ìhín odò náà ni ìlú Ìkọ̀wé wà. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń kọ orúkọ wọn sínú fọ́ọ̀mù. Ní apá ọ̀hún ni ìlú Ìpamọ́ wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba orúkọ wọlé, tí wọ́n sì ń pè é síta kí ẹni tó ni ín lè jẹ́ ẹ. Orúkọ tí kò bá kọjá odò, bí ẹni pé wọn kò kọ ọ́ rárá ni.

Akàn ló ni ọkọ̀ tí ó ń kó àwọn lẹ́tà kọjá. Ọkọ̀ náà kéré, ìjókòó inú rẹ̀ sì rí bákan náà: lẹ́tà kan, ìjókòó kan. Àwọn tí ó gbẹ́ ẹ kò ní lẹ́tà tó ń dé fìlà nílé tiwọn, wọn kò sì ní èyí tó ń wọ ìlẹ̀kẹ̀ sẹ́sẹ̀. Kò wá sí wọn lọ́kàn pé ọmọ ẹlòmíràn lè rí bẹ́ẹ̀.

B á wọlé, á jókòó. D á wọlé, á jókòó. Àní Àlàfo tó máa ń wà láàárín orúkọ méjì, tí kò ní ara tí a lè dì mú, Akàn rí ọgbọ́n dá sí i. Ó fi igi méjì dábùú ara wọn sórí ìjókòó rẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà jókòó síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kan àwọn onílẹ̀kẹ̀, ariwo ni. "Bọ́ ọ sílẹ̀! Bọ́ ọ sílẹ̀ kí o tó wọlé! Ọkọ̀ mi kò gba ohun tó ń rọ̀ dirodiro!" Àwọn onílẹ̀kẹ̀ á bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ wọn, wọ́n á jù ú sí etí omi, wọ́n á sì kọjá lẹ́sẹ̀ lásán.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà ní Ìkọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ E. Àbúrò ń jẹ́ Ẹ, ṣùgbọ́n nítorí ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo tí ìyá wọn so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, Onílẹ̀kẹ̀ ni gbogbo ìlú ń pè é. Ojú wọn jọra bí ìbejì. Ohùn wọn ni kò jọra. Nígbà púpọ̀, bí ọkọ̀ kò bá gba Onílẹ̀kẹ̀, E ló máa ń lọ jókòó dípò rẹ̀. E kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ó kàn ti jókòó sórí ìjókòó àbúrò rẹ̀ títí ó fi gbàgbé pé ti àbúrò òun ni.

Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Ẹniìtàn kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Ó fẹ́ wọ ilé-ìwé tó wà ní Ìpamọ́. Ìyá àgbà rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, ahunṣọ sì ni ìyá náà. Àwọn méjèèjì ti di ẹrù wọn láti ṣí lọ sí Ìpamọ́ pátápátá.

Òfin ilé-ìwé náà le. Wọ́n á pe orúkọ kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tó bá jẹ́ orúkọ rẹ̀ á wọlé. Orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò bá jẹ́, inú odò ni wọ́n ń dà á sí, ẹni tó ni ín á sì dúró títí di ọdún mìíràn.

Àwọn lẹ́tà inú orúkọ náà sáré wá sí etí odò. Onílẹ̀kẹ̀ ló ṣíwájú wọn, nítorí òun ni orí orúkọ. Ó yẹ kí àwọn kan nínú wọn dé fìlà àmì ohùn, ṣùgbọ́n ẹ mọ ọmọdé tó bá ń kánjú lọ sílé-ìwé. Ó ti gbàgbé fìlà wọn sílé.

Akàn na ọ̀pá ìtukọ̀ rẹ̀ sí Onílẹ̀kẹ̀. "Ìwọ, bọ́ nǹkan ẹsẹ̀ rẹ sílẹ̀."

Onílẹ̀kẹ̀ wo etí omi. Òkìtì ìlẹ̀kẹ̀ wà níbẹ̀, eruku ti bò ó. Ìlẹ̀kẹ̀ àwọn ìbátan rẹ̀ ni, ti Ọ, ti Ṣ, ti ọ̀pọ̀ mìíràn. Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n kọjá, kò sì sí ẹni tó padà wá mú tirẹ̀. Ní Ìpamọ́, wọ́n ti di ẹlòmíràn.

"Bàbá Akàn, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní bọ́ ọ."

"Kí lo wí?"

"Mo ní mi ò ní bọ́ ọ, Bàbá. Ìyá mi ló so ó mọ́ mi. Bí mo bá bọ́ ọ, kì í ṣe èmi ló kọjá mọ́."

E fà á lọ́wọ́. "Àbúrò mi, má bínú Bàbá. Jẹ́ kí n lọ dípò rẹ bí mo ṣe máa ń ṣe. Ojú wa jọra. Ta ni yóò mọ̀?"

"Ọmọ tó ni orúkọ yóò mọ̀."

"Á mọ́ ọn lára," ni E wí. "Gbogbo wọn ló máa ń mọ́ lára."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Onílẹ̀kẹ̀ dọ́kàn. Ó gbé ẹsẹ̀, ó wọ inú ọkọ̀ tìlẹ̀kẹ̀tìlẹ̀kẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ náà kọ́ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, ọkọ̀ fì, omi sì rọ́ wọlé. Akàn mú igbá kékeré méjì, ó ń gbọ́n omi dànù, ó ń pariwo. "Ṣé o fẹ́ rì wá ni? Sọ̀kalẹ̀! Sọ̀kalẹ̀ jàre!"

Onílẹ̀kẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀.

Ó jókòó sórí òkúta, ó ń ronú. Ibẹ̀ ló wà tí Ẹniìtàn àti ìyá àgbà rẹ̀ fi dé, tí àwọn náà fẹ́ wọ ọkọ̀ apẹja kan kọjá. Ìyá àgbà gbé òfì rẹ̀ lọ́wọ́, òfì tí ó fi ń hun aṣọ. Ó fẹ̀ ju ọkọ̀ apẹja lọ. Ìyá náà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kúnlẹ̀, ó tú òfì náà. Ó di àwọn igi gígùn lọ́tọ̀, ó di àwọn igi kéékèèké lọ́tọ̀, ó di òwú lọ́tọ̀.

"Ìyá, ṣé kò ní bàjẹ́ báyìí?" ni apẹja bi í.

"Kò ní bàjẹ́, ọmọ mi. Ẹni tó mọ bí òun ṣe tú nǹkan ló mọ bí òun yóò ṣe tò ó."

Onílẹ̀kẹ̀ fò dìde. Ó sáré padà sọ́dọ̀ Akàn.

"Bàbá Akàn, bí mo bá tú ara mi ńkọ́?"

"Tú kí ni?"

"Ara mi. Mo lè tú u sí ìdì mẹ́ta. Ìdì kan kò ní ju ìjókòó kan lọ."

Akàn rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ méjèèjì fi yọ síta. "Mo ti ń tukọ̀ láti ìgbà tí odò yìí kò ju ìṣàn lọ, mi ò rí irú èyí rí."

"Ẹ ó rí i lónìí."

Nígbà tí Akàn rí i pé ọmọ náà kò ṣeré, ó dáwọ́ ẹ̀rín dúró. "Ó dára. Ìdì kan, ìjókòó kan. Ṣùgbọ́n kò sí ìdì tó máa wọ inú ọkọ̀ mi láìlámì, kí wọ́n má baà rò pé lẹ́tà ni. Àmì mi ni màá fi sí i." Ó mú ẹfun, ó ya àwòrán ọ̀pá ìtukọ̀ rẹ̀ tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ya igbá kékeré kan sókè ọ̀pá náà lápá òsì, ó ya èkejì sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún.

Onílẹ̀kẹ̀ tú ara rẹ̀. Ó dùn ún o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò dùn ún. Ó di ìdì àkọ́kọ́, ó sì ta kókó méjì sí ẹnu rẹ̀, kí ẹni tó bá gbà á lè mọ̀ pé ìdì méjì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó di ìkejì. Ìlẹ̀kẹ̀ ìyá rẹ̀ wà nínú ìkẹta. Ohùn rẹ̀ pín sí mẹ́ta pẹ̀lú, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. E dúró létí omi, ó ń sunkún bí ọkọ̀ ti ń lọ.

Pẹ́pẹ́yẹ ni ó ń gba àlejò ní Ìpamọ́. Ọ̀yàyà kún ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Ní ìlú náà, èèwọ̀ ni kí wọ́n jẹ́ kí àlejò dúró létí omi. Ohunkóhun tó bá gúnlẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ni Pẹ́pẹ́yẹ á tú u, á fún un lómi mu, á sì gbé àga fún un.

Akàn gbé ìdì àkọ́kọ́ sílẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ kò wo kókó méjì tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó tú u. Á kan jáde, ó dé fìlà ẹlòmíràn, ó ń wò ràdàràdà. "Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ewu odò! Ẹ jókòó, ẹ mu omi."

Akàn gbé ìdì kejì sílẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ tú u. Òrùka kékeré kan jáde, ó rọ̀ sójú òfuurufú, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ jókòó."

Akàn gbé ìdì kẹta sílẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ tú u. Ìrù kékeré kan jáde, ìrù tí kò ní ara. Ẹnu ya Pẹ́pẹ́yẹ, ṣùgbọ́n a kì í béèrè ara lọ́wọ́ àlejò. "Ẹ káàbọ̀ o," ni ó wí, ó sì gbé àga fún Ìrù.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé inú rere ló fi ṣe gbogbo rẹ̀.

Báyìí ni Onílẹ̀kẹ̀ ṣe jókòó sórí àga mẹ́ta, tí kò sí lórí ọ̀kan nínú wọn. Ó ń gbọ́, kò lè dáhùn. Ó ń rí, kò lè nawọ́. Àwọn lẹ́tà tó kù nínú orúkọ jókòó tì í, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Àwọn ọmọ tò sẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, àwọn òbí wọn dúró lẹ́yìn. Pẹ́pẹ́yẹ ń pe orúkọ bí wọ́n ti jókòó sórí àga, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ń dáhùn. Nígbà tí ó kan ti Ẹniìtàn, ó lanu, ó tún pa á dé, ó sì tún là á.

"Á… Òrùka… Ìrù… niitan!"

Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹniìtàn yíjú sẹ́yìn. "Ìyá Àgbà, ṣé èmi ni wọ́n ń pè?"

"Èmi kò bí ẹni tó ń jẹ́ Ìrù," ni ìyá àgbà wí.

Pẹ́pẹ́yẹ pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ó wo oòrùn, ó sì ń kó àwọn àga náà jọ láti da orúkọ tí kò lólúwa sínú odò.

Àkókò yìí ni ọkọ̀ Akàn tún gúnlẹ̀, E sì bọ́ sílẹ̀. Ó rí àga mẹ́ta, ó rí àwọn àjèjì tó wà lórí wọn, kò sì rí àbúrò rẹ̀. Ó rò pé Onílẹ̀kẹ̀ ti sọ nù sínú odò. "Ó kéré tán, kí orúkọ má baà sọ nù pẹ̀lú rẹ̀," ni ó wí, ó ti àwọn mẹ́ta náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì jókòó síwájú àwọn lẹ́tà tó kù.

Inú Pẹ́pẹ́yẹ dùn. "Ẹ̀hẹ́n! Èyí tó ṣeé pè ti dé. Eniitan!"

Ẹsẹ̀ Ẹniìtàn kan lọ síwájú. Ó mọ̀ pé òun ni wọ́n ní lọ́kàn. Ilẹ̀kùn ilé-ìwé ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì ń rí àwọn àga inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kejì kò tẹ̀ lé àkọ́kọ́.

"Ó jọ mí, Mà," ni ó wí, "ṣùgbọ́n èmi kọ́."

"Ọmọ mi, jẹ́ ẹ, kí o wọlé. Oòrùn ń wọ̀. Àwọn mìíràn ti jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti wọlé."

Omi dé sójú ọmọ náà. Kò sún. "Mi ò ní jẹ́ ẹ, Mà. Bí mo bá jẹ́ ẹ lónìí, títí ayé ni màá máa jẹ́ ẹ."

E gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí àga tó wà. Ohun tí àbúrò rẹ̀ wí létí odò gan-an ni ọmọ ènìyàn tún ń wí. Ojú tì í. Ó wo ilẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti rí aṣọ ìdì tí Pẹ́pẹ́yẹ tú jù sílẹ̀, tí kókó méjì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo Á. Ó wo Òrùka. Ó wo Ìrù kékeré tó ń gbọ̀n, bí ìlẹ̀kẹ̀ ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ ṣe máa ń gbọ̀n bí ẹ̀rù bá bà á.

Ó dìde kúrò lórí àga. "Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, àga yìí kì í ṣe tèmi. Kò jẹ́ tèmi rí. Àwọn mẹ́ta tí ẹ rí yìí kì í ṣe àlejò mẹ́ta. Àbúrò mi kan ṣoṣo ni."

"Mẹ́ta ni mo gbà," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí. "Mẹ́ta ni mo fún lómi."

"Ẹ tètè tú u ni. Kò tíì dé tán nígbà tí ẹ ń kí i káàbọ̀. Ẹ wo kókó méjì yìí. Ó ní kí ẹ dúró de ìdì méjì."

Inú bí Pẹ́pẹ́yẹ. "Kí n dúró? Kí n jẹ́ kí àlejò wà nínú ìdì létí omi? Àwọn ìyá mi kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí!"

Ìyá àgbà Ẹniìtàn rìn wá síwájú, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Pẹ́pẹ́yẹ. "Ìyá olùwẹ̀ odò, ẹ má bínú. Mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí ẹ bá yé ẹyin àkọ́kọ́, ṣé ọjọ́ náà ni ẹ máa ń sàba lé e?"

"Rárá o," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí. "Màá yé ẹyin mìíràn sí i. Ìgbà tí wọ́n bá pé nínú ìtẹ́ ni màá tó sàba."

"Ṣé ẹ kì í bẹ̀rù pé ẹyin tó ń dúró á rò pé ẹ kò kí òun?"

Pẹ́pẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wo aṣọ ìdì náà. Ó wo kókó àkọ́kọ́, ó wo ìkejì. Ó wo oòrùn tó ti fẹ́ kan omi. Lẹ́yìn náà ni ó tẹ́ aṣọ ìdì sílẹ̀, ó gbé Á síbẹ̀, ó gbé Òrùka lé e, ó gbé Ìrù sí ìdí wọn, bí wọ́n ti tẹ̀ lé ara wọn nínú ọkọ̀. Ó na ìyẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, ó sì sàba lé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Kò sí ẹni tó tún rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Pẹ́pẹ́yẹ dìde, kò sí Á níbẹ̀ mọ́, kò sí Òrùka, kò sí Ìrù. Onílẹ̀kẹ̀ ló dúró síbẹ̀ lódidi, ìlẹ̀kẹ̀ ìyá rẹ̀ sì ń dán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. E dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì mọ èyí tí òun yóò ṣe. Onílẹ̀kẹ̀ lọ jókòó sórí àga rẹ̀, níwájú orúkọ.

Pẹ́pẹ́yẹ mí kanlẹ̀. "Ẹniìtàn!"

"Èmi nìyí o, Mà!" Ohùn ọmọ náà dé òdìkejì odò. Ó sáré wọlé, ilẹ̀kùn sì tì lẹ́yìn rẹ̀ bí oòrùn ti ń wọ omi.

Pẹ́pẹ́yẹ ránṣẹ́ pe Akàn. Àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan pé bí wọ́n bá ṣe di ìdì ní Ìkọ̀wé, bẹ́ẹ̀ náà gẹ́lẹ́ ni wọn yóò ṣe tú u ní Ìpamọ́. Wọn yóò ka kókó, wọn yóò dúró kí ìdì pé, kí wọ́n tó sàba. Ìròyìn náà dé Ìkọ̀wé. Ọ wá, ó gbọn eruku kúrò lára ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Ṣ wá mú tirẹ̀. Àwọn onífìlà pàápàá gbọ́, wọ́n sì ń di ara wọn ní ìdì tiwọn.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn lẹ́tà onílẹ̀kẹ̀ ti ń kọjá Odò Ayélujára ní ìdì mẹ́ta mẹ́ta, tí àmì Akàn sì wà lára ìdì kọ̀ọ̀kan. Bí o bá wo ibi tí àdírẹ́sì ìkànnì máa ń wà lókè fóònù, tí o rí ọ̀pá tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ láàárín igbá kékeré méjì, tí o tún rí i, tí o tún rí i, má bẹ̀rù. Ọmọ ilé wa kan ló wà nínú ọkọ̀.

Láti ọjọ́ náà sì ni a ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí orúkọ wa bá dé ibì kan tó di Á, tó di Òrùka, tó di Ìrù. Àwọn ọmọ Pẹ́pẹ́yẹ pọ̀, gbogbo wọn kọ́ ló gbọ́ ìtàn ìyá wọn. Àwọn kan ṣì ń tú ìdì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá wá ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ní kí o bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ rẹ kí o lè tètè wọlé, dúró níbi tí Ẹniìtàn dúró sí. Sọ fún wọn pé ẹni tí wọ́n ń kí káàbọ̀ kò tíì dé tán.